Amẹ́ríkà ti gé owó orí sàìlẹ́ńsà ìbọn: kí ló kan ará Yewa níbẹ̀?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó bá fẹ́ ra sàìlẹ́ńsà ìbọn ní Amẹ́ríkà kò san owó orí $200 mọ́. Òdo ni owó náà báyìí. Láti ọdún 1934 ni ìjọba wọn ti ń gbà á, kí òfin tí Trump buwọ́ lù lọ́jọ́ 4 oṣù keje ọdún 2025 tó gé e kúrò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlaròó ti ń bi mí pé ìgbà wo ni tiwa máa dé, nígbà tó jẹ́ pé àwa gan-an là ń gbé lẹ́nu bọ́dà. Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ.

Kì í ṣe sàìlẹ́ńsà ọ̀kadà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ará Amẹ́ríkà kan, Hiram Percy Maxim, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ti ìbọn ní 1909. Páìpù ni, ẹnu ìbọn ni wọ́n máa ń dè é mọ́. Àwọn yàrá kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ọta jáde á kọ́kọ́ yí ká nínú wọn, kó tó bọ́ síta. Ẹ gbàgbé èyí tẹ́ ẹ rí nínú fíìmù, tí ìbọn á kàn ṣe “fíìn” bíi pé ẹnì kan ń súfèé. Ariwo ìbọn máa ń tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 sí 170. Sàìlẹ́ńsà lè yọ nǹkan bí 20 sí 35 kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ṣì ń dún dáadáa, àmọ́ kò ní ba etí jẹ́ kíákíá bíi tàtẹ̀yìnwá.

Etí yìí gan-an ni àwọn tó fẹ́ kí òfin rọ̀ dì mú ní Amẹ́ríkà: wọ́n ní ọdẹ kì í ṣe ọ̀daràn, kí ló dé tí a fi ń bu owó orí lé ohun tó ń dáàbò bo etí rẹ̀? Ní Norway, ọdẹ ń lò ó fàlàlà. Àwọn tó ta kò ó ní kí wọ́n rántí Virginia Beach, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019, níbi tí ọkùnrin kan ti pa èèyàn 12, tí sàìlẹ́ńsà sì wà lẹ́nu ìbọn rẹ̀. Bí ariwo bá dín kù, ẹni tó yẹ kó sá lè má tètè mọ̀ pé ìbọn ni. Ẹ kíyè sí i pé owó nìkan ni wọ́n gé. Orúkọ, fọ́tò àti ìka títẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀, ìpínlẹ̀ 8 ni kò sì gbà á láàyè rárá, New York àti California wà lára wọn.

Ó ku tiwa. Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà, ọdún 1959 ló ti wà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Ti àkọ́kọ́ ni ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́: Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ. Ìkejì ni ìbọn alágbàá tí ọdẹ òde òní ń lò, ìyẹn wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ìkẹta ni ṣakabùlà, tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ìyẹn ò dé Abuja, òfin ìpínlẹ̀ ló ń tọ́ka ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹnu ni à ń gbà ki ṣakabùlà. Bí o bá de páìpù mọ́ ẹnu ọ̀hún, níbo lo fẹ́ gbà ki í? Nítorí náà, ìbọn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa ní Yewa kò tiẹ̀ bá sàìlẹ́ńsà ṣe.

Ohun tó ń dùn wá níbí yàtọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu àwọn abúlé lágbègbè Ẹ̀gùá, Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ilé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gba inú igbó sá wọ orílẹ̀-èdè Benin. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ ká gbé ìbọn” kò ti tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Kì í ṣe àwa nìkan. Àmọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n nígbà tí olóògbé Rotimi Akeredolu, gómìnà Òǹdó nígbà náà, ní òun máa ra ìbọn gidi fún wọn ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fèsì pé kò sí ìpínlẹ̀ tó láṣẹ láti ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ní 2024, Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko láti Delta gbé àbá kan jáde pé kí aráàlú lè gbé ìbọn láti gbèjà ara wọn. Àbá yẹn kò tíì di òfin.

Mo bi bàbá ọdẹ kan ní Ayétòrò léèrè nípa sàìlẹ́ńsà. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí etí yín sinmi ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, etí mi ti lọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìbọn mi ò bá dún, ta ló máa wá bá mi?”

Ìdáhùn yẹn ló yí mi lérò padà sí ibi tí mo wà báyìí. Àgbẹ̀ tó wà ní ahéré níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, etí ló fi ń gba ìròyìn. Ṣakabùlà á dún lẹ́ẹ̀kan, á wá dákẹ́, torí ọdẹ ní láti tún un kì. Bó bá dún léraléra láì dáwọ́ dúró, gbogbo abúlé mọ̀ pé kì í ṣe ọdẹ ilé ni, ìyá á sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá ronú nípa bọ́dà bíi tiwa, tí ọ̀nà fàyàwọ́ pọ̀ ju ọ̀nà ọba lọ, kí AK-47 tó ń gba ibẹ̀ kọjá tún wá ní ohun tó ń bò ó lẹ́nu. Mo fara mọ́ ọn pé kí ìpínlẹ̀ mú kí ìwé àṣẹ ṣakabùlà rọrùn fún ọdẹ tí ìlú mọ̀, kí Àmọ̀tẹ́kùn sì ní ohun tó lè fi dojú kọ ẹni tó gbé AK. Ti sàìlẹ́ńsà, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní Houston, ẹ gbọ́ èyí: Texas gbà á láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi sàìlẹ́ńsà ránṣẹ́ jáde kúrò ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba wọn. Ẹ má sọ pé kí wọ́n bá yín fi sáàárín aṣọ.