Àjẹsára Tí À Ń Kán Sẹ́nu Ọmọ: Kí Ló Ń Dín Agbára Rẹ̀ Kù?

Àwọn òbí máa ń béèrè pé: “A ti kán àjẹsára sọ́mọ lẹ́nu, kí ló dé tó tún ń ṣu gbuuru?” Ìbéèrè tó yẹ ni.

Rotavirus wà lára àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó le jù lára ọmọ ọwọ́. Ọdún 2022 ni Nàìjíríà fi àjẹsára rẹ̀ kún èyí tí àwọn ọmọ ń gbà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, ó dín àìsàn tó le kù ní ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìdá 49 péré ní Malawi. Oògùn kan náà ni o!

Àjẹsára yìí ní kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ nínú ìfun kí ara ọmọ tó lè dá a mọ̀. Ohun mẹ́ta ló ń dí i lọ́wọ́. Èkíní ni ìdọ̀tí: kòkòrò inú omi àti ọwọ́ tí kò mọ́ ń ba ìfun jẹ́, ó sì ń bá ti àjẹsára du àyè. Èkejì ni pé ìyá tí kòkòrò náà ti bá jà léraléra ti fún ọmọ ní èròjà ààbò láti inú oyún. Ìyẹn lè pa ti àjẹsára kó tó gbérí. Ẹ̀kẹta ni àìjẹunrekánú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ má fún ọmọ lọ́yàn lọ́jọ́ àjẹsára, ẹ má gbà. Wọ́n ti dán an wò ní Gúúsù Áfíríkà àti Pakistan, kò ṣe àǹfààní kankan.

Ṣé kí a wá pa àjẹsára tì? Rárá. Nítorí pé àìsàn yìí pọ̀ gan-an ní Malawi, nǹkan bí ìgbẹ́ gbuuru líle méje ni àjẹsára dènà láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ́dún kan. Ní Gúúsù Áfíríkà, bíi mẹ́rin ni. Ibi tí agbára rẹ̀ kéré sí gan-an ni èrè rẹ̀ ti pọ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ má pa ọjọ́ àjẹsára jẹ. Bí a ṣe ń ṣọ́ ìmọ́tótó nítorí ìrun, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ nítorí ọmọ: ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí rẹ̀, àti kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Bí ó bá ṣu gbuuru, ẹ tètè fún un ní ORS, ẹ má dá ọmú dúró. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn.