Èdè àti Orílẹ̀-èdè ní Brìtéènì: Àlàyé fún Ará Amẹ́ríkà

Ará Amẹ́ríkà a máa pe gbogbo Brìtéènì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kí á má tíì fi í rẹ́rìn-ín, nítorí àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti Glasgow tàbí Cardiff dé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni a ó ní ó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe ará Skọ́tílándì ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lójú ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ kò ní dùn.

Ohun tó ń ṣi ará Amẹ́ríkà lọ́nà ni pé ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ló fi ń wọn ti ẹlòmíràn. Lójú rẹ̀, bí Texas ti rí sí Amẹ́ríkà ni Wélsì rí sí Brìtéènì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Erékùṣù ni Brìtéènì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tílándì àti Wélsì ló wà lórí rẹ̀, oníkálukú wọn sì ka ara rẹ̀ sí orílẹ̀-èdè. Ìjọba Ìṣọ̀kan ni orúkọ ìjọba tó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti Àríwá Áyálándì pọ̀. Òfin ni wọ́n fi so Wélsì mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1536. Àdéhùn ló mú Skọ́tílándì wọlé ní 1707. Áyálándì wọlé ní 1801, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jáde ní 1922.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ta kókó jù. Ọ̀rọ̀ tiwa, “orílẹ̀-èdè”, ti fi èdè sínú orúkọ, bí ẹni pé ibi tí èdè bá parí sí ni orílẹ̀-èdè náà parí sí. Wélsì bá èyí mu. Òfin 1536 lé èdè wọn kúrò ní kóòtù, ó sì ní ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ di ipò ìjọba mú. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan a máa fi igi kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè Wélsì lọ́rùn. (Ẹni tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò mọ bó ti ń rí.) Síbẹ̀ èdè náà kò kú. Bíbélì tí William Morgan túmọ̀ ní 1588 ti fún un ní ibùjókòó nínú ìwé àti nínú ìsìn. Òfin 2011 sì fún un ní ipò èdè ìjọba ní Wélsì. Nígbà ìkànìyàn 2021, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 538 ènìyàn ló ní àwọn ń sọ ọ́, wọn kò pé 18 nínú 100. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí òfin tó sọ ọ́ di èdè ìjọba fún gbogbo Ìjọba Ìṣọ̀kan; àṣà ló gbé e dúró. Ní Amẹ́ríkà, àṣẹ ààrẹ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní 2025.

Skọ́tílándì kò bá a mu ní tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gélíìkì ṣì wà ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, tí èdè Skọ́ọ̀tì tí Robert Burns fi kéwì sì wà lẹ́nu ará ìlú. Ohun tó mú wọn dúró bí orílẹ̀-èdè ni pé àdéhùn 1707 fi kóòtù àti ìjọ wọn sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2014 bóyá kí wọ́n jáde, tí nǹkan bí 55 nínú 100 kọ̀, èdè kọ́ ló wà nídìí àríyànjiyàn náà.

Ará Amẹ́ríkà tí kò bá mọ ibi tí ẹnìkan ti wá, “ará Brìtéènì” ni kó pè é. Àfi ní Àríwá Áyálándì. Àdéhùn 1998 gba ènìyàn láyè níbẹ̀ láti jẹ́ ará Brìtéènì, tàbí ará Áyálándì, tàbí méjèèjì. Níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè.