Àgbo Ìfọ̀kànbalẹ̀: Kí Ìdílé Tó Ra Asofẹ́yẹjẹ

 

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi wá ní kẹ́mísì, tí wọ́n tún máa ń bi wá ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí a bá ń bá àwọn àgbà wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kì í pariwo rẹ̀. Wọ́n á sún mọ́ wa, wọ́n á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, àgbo wo ló máa ń jẹ́ kí ọkàn fúyẹ́?" Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ ní oṣù tó kọjá, tí kò yéé sunkún, ni ẹlòmíràn ń bèèrè fún. Ọkọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti ẹlòmíràn. Àwọn kan ti ra egbò lọ́wọ́ lẹ́kulẹ́jà ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó wá. Ó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn.

A kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Egbò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ wà nílẹ̀ Yorùbá lóòótọ́. Àmọ́ egbò tó bá lágbára láti wo ènìyàn sàn, ó lágbára láti pa á lára.

Egbò tí ayé mọ̀

Igi kékeré ni asofẹ́yẹjẹ. Ẹyẹ ló ń jẹ èso pupa rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ń tọ́jú ẹni tí wèrè rẹ̀ le, tó ń pariwo, tí kò sùn. Bí ó bá mu ún, yóò sùn, ara rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀.

Igi yìí ní ìbátan ní Íńdíà. Ní 1931, àwọn dókítà ibẹ̀ kọ̀wé pé ìbátan náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń tọ́jú àárùn ọpọlọ. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà inú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní reserpine. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, dókítà àti oníṣègùn ìbílẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ṣe ń lo egbò yìí.

Kì í ṣe oògùn ìbànújẹ́

Àwọn èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń mú ara jí pépé, tó sì ń jẹ́ kí ohun rere dùn mọ́ni. Reserpine máa ń tú àká wọn, títí wọn yóò fi dínkù. Ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná yóò rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú, oògùn yìí lè tẹ̀ ẹ́ rì sí i. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ ara reserpine fi sọ pé kí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà má ṣe lò ó. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì tí oògùn náà bá fà lè wà fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a ti dá a dúró, ó sì lè le débi pé ènìyàn yóò fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ìyá ìkókó tó ń sunkún yẹn. Asofẹ́yẹjẹ lè mú ọkàn rẹ̀ wúwo sí i, yóò sì tún bá ọmú wọ inú ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin mìlígíráàmù péré ni reserpine tó wà nínú hóró oògùn kan tí wọ́n ń pè ní 0.25. Ta ló lè fi ojú wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Bí ó bá pọ̀ jù, ènìyàn lè máa bì, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè já wálẹ̀ kí òòyì sì gbé e ṣubú, ọgbẹ́ inú rẹ̀ sì lè tún ṣí.

Obì àti ìgò páragà

Obì ní èròjà kaféènì, irú èyí tó wà nínú kọfí. Ó ń lajú ẹni, ó sì ń mú ara yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò rí oorun sùn, obì ń fi kún ìṣòro rẹ̀ ni. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ ẹ́ lẹ́yìn Àsárì. Aláboyún ní láti dín in kù, torí ó ń pẹ́ lára rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti mọ́ lára kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù láti oṣù Ṣàbáànì, kí orí fífọ́ má ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ní ti páragà, ọtí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani bí ọtí, díẹ̀ rẹ̀ náà hàrámù. Orúkọ "àgbo" kò yí i padà. Ọtí fúnra rẹ̀ sì máa ń dá kún ìbànújẹ́. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí májèlé wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú àwọn kan sì fọ́ kí wọ́n tó kú. Ẹ máa bi ẹni tó ń tà á: "Omi ni ẹ fi ṣe é ni, àbí ọtí?"

Kí ni ká ṣe?

Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Ànábì Yàkúùbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan kò jẹun dáadáa, tí kò sùn, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọpọlọ wà ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Bí ó bá ń sọ pé ikú tẹ́ òun lọ́rùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Aláboyún, abiyamọ, ọmọdé, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ọpọlọ: asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe tiwọn. Ẹ má ṣe dá oògùn dókítà dúró nítorí àgbo. Ẹ mú egbò tí ẹ rà wá sí kẹ́mísì, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. A kò ní bá yín jà.

Bí ọkàn kò bá kàn balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn òpò ọjọ́, ife ewé tíì gbígbóná, oorun, ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn Súbùhì àti ẹni tí yóò gbọ́ tẹni ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Nínú Sùnnáà, Ìyá wa Áíṣà máa ń sè tàlíbínà, ìyẹn ẹ̀kọ ọkà báálì, fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn láìmọ iṣẹ́ náà ni yóò ru ẹ̀bi ohun tó bá ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀bi náà lè kan ìyá tàbí ọkọ tó fi ìfẹ́ se àgbo. Ká bèèrè kí a tó gbé ìkòkò kaná.

Kí Ọlọ́hun tu àwọn tí ọkàn wọn wúwo nínú, kí ó sì fún ilé wa ní àlàáfíà. Àmín.