Kọ́kọ́rọ́ Gíríìkì: Ọ̀nà Kan Tí Pùròtéènì Ń Gbà Ká Jọ

Kọ́kọ́rọ́ Gíríìkì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó wọ́pọ̀ tí pùròtéènì ń gbà ká jọ. Orúkọ náà wá láti ara iṣẹ́ ọnà àwọn Gíríìkì àtijọ́, tí wọ́n máa ń ya ìlà kan tó ń ṣẹ́rí padà sínú ara rẹ̀ yípo ìkòkò wọn. Ní ọdún 1977, Jane Richardson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ìlà yìí wé ìrísí tó rí nínú pùròtéènì.

Ẹ̀wọ̀n gígùn tí ásíìdì amínò so kọ́ra ni pùròtéènì. Ibi tí ẹ̀wọ̀n náà bá ti nà tàntàn ni à ń pè ní okùn bẹ́tà. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ìdè háídírójìn sì so wọ́n pọ̀, wọ́n di ẹní bẹ́tà.

Okùn mẹ́rin ló wà nínú kọ́kọ́rọ́ yìí. Èkíní gòkè, èkejì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta tún gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì; ìkọ́ kúkúrú ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹrin kò dúró ti ẹ̀kẹta. Ìkọ́ gígùn kan ló gbé e kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ èkíní, níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá wá ka okùn inú ẹní náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, 3, 2, 1, 4 ni a ó kà. Èyí fi hàn pé àwọn tó jìnnà síra lórí ẹ̀wọ̀n lè di aládùúgbò nínú ẹní.

Ìkápọ̀ yìí wà nínú àwọn pùròtéènì tó ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún wà nínú gamma-crystallin, pùròtéènì inú lẹ́ǹsì ojú. Apá méjì ni gamma-crystallin ní, kọ́kọ́rọ́ méjì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín lẹ́ǹsì kì í ṣe pùròtéènì tuntun mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe ni ènìyàn yóò lò dọjọ́ ogbó. Bí ìkápọ̀ rẹ̀ bá tú, àwọn pùròtéènì náà lè ṣù mọ́ra, kí wọ́n sì dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Lẹ́ǹsì a wá funfun, ìríran a sì dínkù. Ní ti àwọn ọmọ mìíràn tí lẹ́ǹsì wọn ti funfun láti kékeré, ásíìdì amínò kan ṣoṣo tó yí padà nínú pùròtéènì yìí ló fà á.