Nígbà tí Gíà Mọ́tò Bá Ń Gbọ̀n

Àwọn baba wa a máa wí pé, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.” Láàrin ẹni tí ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ẹjọ́ kan wà tí kì í tán bọ̀rọ̀. Onímọ́tò a ní mọ́tò òun ń ṣàìsàn. Ilé-iṣẹ́ a ní awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n wà. Ẹni tí yóò bá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí agbára ń gbà ti inú ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ mọ́tò.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kì í dẹ́kun yíyí. Ṣùgbọ́n táyà ní láti dúró nígbà tí mọ́tò bá dúró. Nítorí náà ni a ṣe fi kilọ́ọ̀ṣì sáàrin wọn: òun ni ó ń so wọ́n pọ̀, òun náà ni ó sì ń tú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì wà. Gíà kékeré a máa fún mọ́tò ní ipá láti ṣí àti láti gun òkè. Gíà ńlá a máa fún un ní eré. Láti inú gíábọ́ọ̀sì ni àwọn ọ̀pá irin ti ń gbé agbára lọ sí táyà.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ń pa gíà dà fúnra wọn, inú ọ́ìlì ni agbára ń gbà kọjá, kí ìrìn wọn lè rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Ford fi irú mìíràn, tí wọ́n pè ní PowerShift, sínú ọ̀pọ̀ Fiesta àti Focus. Ó ní gíà 6 àti kilọ́ọ̀ṣì 2: ọ̀kan fún gíà 1, 3 àti 5, èkejì fún gíà 2, 4 àti 6. Bí ọ̀kan bá ń tú, èkejì a máa mú. Gbígbẹ ni kilọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ó sì ń pàṣẹ fún wọn. Èrò àwọn tí ó ṣe é ni pé yóò dín epo tí mọ́tò ń mu kù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Bí epo bá kan ọwọ́ ẹni tí ń fa okùn, okùn a máa yọ̀, a tún máa mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ́ìlì ṣe ń jò gba etí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì dé ara kilọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Mọ́tò a sì máa gbọ̀n jìgìjìgì, pàápàá bí ó bá ń rọra lọ. Nínú àwọn mìíràn, kọ̀ǹpútà náà ni ó bàjẹ́: awakọ̀ a tẹ̀ ẹ́ kí ó sáré, mọ́tò a sì lọ́ra kí ó tó dáhùn. Ní oríta tí ọkọ̀ ńlá ti ń bọ̀, ewu gidi ni èyí.

Nígbà tí àwọn onímọ́tò ní ilẹ̀ Ọsirélíà fi ẹjọ́ sùn, wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò ni ó fa gbígbọ̀n náà. Àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà gbé ọ̀ràn náà lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé ẹjọ́ ní ìwà tí kò bá ẹ̀rí-ọkàn mu ni Ford ti ilẹ̀ náà hù, nítorí pé ó mọ̀ pé àbùkù wà lára gíà wọ̀nyí. Ó sì ní kí ó san mílíọ̀nù 10 dọ́là ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tí ó bá pààrọ̀ kilọ́ọ̀ṣì láìdí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà, èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún irú àìsàn yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí mọ́tò kò sì yára, gíà ń yọ̀ ni. Bí a bá ti ọ̀pá gíà tí kò gbà, gíà kò wọlé ni. Bí mọ́tò bá ń mì tìtì nígbà tí ó ń ṣí, ó ń gbọ̀n ni. Ẹni tí ó wí pé “mọ́tò mi kò dára” kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí pé ó ń gbọ̀n, ní gíà èkíní, nígbà tí ó bá gbóná, tí ó sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ti di ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa láti máa lo ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gún régé, tí adájọ́ lè gbé yẹ̀ wò.