Ohun Tí Ojú Rí, Ohun Tí Ọkàn Fi Kún Un

Ẹrú ni Epictetus tẹ́lẹ̀ ní Róòmù. Lẹ́yìn tí ó gba òmìnira, ó di olùkọ́ ọgbọ́n orí àwọn Stoic. Nígbà tí Késárì Domitian sì lé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí jáde, ó tẹ̀dó sí Nicopolis ní ilẹ̀ Gíríìkì. Arrian, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kan wà tí n kì í gbàgbé: bí ẹnìkan bá tètè wẹ̀ tán, kí a má ṣe wí pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí a wí pé ó tètè wẹ̀ tán, kí a sì dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sórí fóònù. Àfẹ́sọ́nà yín ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín lórí WhatsApp ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ilẹ̀ mọ́, kò fèsì. Ohun tí ojú rí kò ju ìyẹn lọ. “Kò kà mí sí mọ́”, “ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀”: ọkàn ló fi ìwọ̀nyí kún un. Mo ti rí àdéhùn ìgbéyàwó tí irú àfikún bẹ́ẹ̀ tú ká lẹ́yìn tí ẹbí ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú ọkàn ẹni, ẹnìkan ṣoṣo ló sì máa ń rojọ́.

N kò ní kí a fojú fo ìwàkiwà o. Bí ó bá parọ́, irọ́ ni kí a pè é. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe irọ́. Ẹ pè é, kí ẹ bi í.

Èmi a máa kọ ọ́ sórí ìwé: ìlà kan fún ohun tí mo rí, ìlà kejì fún ohun tí mo fi kún un. Ìlà kejì ló sábà máa ń gùn jù.