Títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré alátọ́bò tò nílé

Títún ẹ́ńjìnnì alátọ́bò tò ni iṣẹ́ títú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ní tọ́bò palẹ̀ pátápátá, wíwọn ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pípààrọ̀ èyí tó ti jẹ, àti dídá gbogbo rẹ̀ padà sí ipò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fẹ́ kí ó wà. Àwọn mìíràn máa ń fi àtúnṣe kún un kí agbára ẹ́ńjìnnì náà lè ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, pàápàá fún ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ooru, irú epo bẹntiróòlù tó wà lọ́jà àti jíjìnnà sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń pinnu ohun tó ṣeé ṣe. Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde ló sábà máa ń pa ẹ́ńjìnnì alátọ́bò. Nítorí náà, ìlera ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣáájú àfikún agbára.

Bí tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́

Tọ́bò jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ méjì lórí ọ̀pá irin kan. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó tó gba sàlẹ́ńsà lọ. Bí èyí ti ń yí, abẹ̀bẹ̀ kejì tó wà ní ìkángun ọ̀pá náà ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń kì í mọ́ inú sìlíńdà. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tó lè jóná níbẹ̀ yóò pọ̀ sí i, agbára yóò sì gbilẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ ẹ́ńjìnnì náà di ńlá. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó fẹ́lẹ́ bí awọ ni kò jẹ́ kí irin máa ha irin níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná, gẹ́gẹ́ bí ìdí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná nígbà tí a bá ń fún táyà. Báà ni a fi ń wọn ìfúnpá yìí. Báà 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní etí òkun. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wà ní 30°C, tí tọ́bò sì fi ìfúnpá báà 0.75 kún un, afẹ́fẹ́ náà yóò jáde ní nǹkan bí 105°C, bí a bá gbà pé ìdá 70 nínú 100 ni iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ náà múná dé. Bí a bá gbé àfikún náà dé báà 1.0, yóò sún mọ́ 125°C. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìńtàkúlà, ìyẹn rédíétọ̀ tí a ṣe fún afẹ́fẹ́, sáàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì.

Ìtàn

Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ẹ́ńjìnnì dísù ńlá àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní ọdún 1962 ni ó dé inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ títà ní Amẹ́ríkà, nínú Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder. Jetfire ní agolo kan fún àdàlù omi àti ọtí líle, tí a ń fọ́n mọ́ afẹ́fẹ́ kí ooru inú sìlíńdà lè rọlẹ̀. Bí àdàlù náà bá tán, ọkọ̀ náà kì í lè lo tọ́bò rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ọdún méjì péré ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ní Jámánì, BMW gbé 2002 Turbo jáde ní 1973, Porsche sì fi 911 Turbo han àwọn ènìyàn ní Paris ní 1974. Porsche 944 Turbo, tí wọ́n ṣe láti 1985 sí 1991, ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àyọkà yìí. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 100, ìrìn písítìn jẹ́ mìlímítà 78.9, àpapọ̀ àyè inú wọn sì jẹ́ lítà 2.5. Agbára ẹṣin 220 ni ó ń mú jáde ní ìbẹ̀rẹ̀. Oríṣi Turbo S tó jáde ní 1988 ń mú 250 jáde.

Nọ́ọ̀kì: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Bí mẹkáníìkì ní Òkìtìpupa tàbí ní Èkó bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tó ń wí ni pé bẹ́rìn ti jẹ tàbí kọ́ńrọ́ọ̀dù ti ṣẹ́, tí ẹ́ńjìnnì náà sì ti kú. Nínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ń tọ́ka sí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ tó bú gbàmù fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà, dípò kí ó jó létòlétò láti ibi tí púlọ́ọ̀gì ti ṣáná sí i. Ó máa ń dún ṣaga-ṣaga bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Nọ́ọ̀kì kejì yìí sábà máa ń bí ti àkọ́kọ́, nítorí pé ìbúgbàmù náà ń lu orí písítìn bí òòlù, ó sì ń fọ́ rínngì àti bẹ́rìn.

Òǹkà ọ́kítéènì ni a fi ń mọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpá àti ooru tó kí ó tó bú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé epo ń ta bẹntiróòlù 95 àti 98 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, awakọ̀ sì lè yan èyí tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ béèrè. Ní ilé epo Nàìjíríà, irú bẹntiróòlù kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣètò fún epo 98 ní òkè òkun lè máa nọ́ọ̀kì níbí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti ojú ọ̀nà lè bo ohùn náà mọ́lẹ̀ kí awakọ̀ má gbọ́ ọ títí tí yóò fi pẹ́ jù.

Iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè. Lára àwọn ìlú rẹ̀ ni Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Òde-Ayé, Ìgbòtakò àti Ilútítun. Tọ́bò kì í ṣe àjèjì níbẹ̀, nítorí pé ó wà lára ẹ́ńjìnnì dísù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé tó ń gba ojú ọ̀nà Òrè kọjá. Lórí ọkọ̀ eré onípẹntiróòlù ló ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá ẹ̀yà rẹ̀ lọ sí Èkó, pàápàá sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà tuntun àti tòkunbọ̀. Tọ́bò tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ di títú wò kí a tó fi owó sílẹ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ń mì débi tí abẹ̀bẹ̀ fi ń kan ara ilé rẹ̀, kò wúlò mọ́.

Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi gba ìmọ̀. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn fi kọ́ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ọkọ̀ náà kò ní tọ́bò, sìlíńdà rẹ̀ sì ṣeé yọ jáde kí a fi tuntun rọ́pò òun àti písítìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí àti ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe dáadáa. Ẹ́ńjìnnì alátọ́bò nílò ọgbọ́n ọwọ́ yìí kan náà, ṣùgbọ́n ó tún nílò ohun èlò ìwọ̀n, nítorí pé àlàfo tí ojú kò lè rí ló ń pinnu ikú tàbí ìyè rẹ̀.

Títú palẹ̀ àti wíwọ̀n

Kí a tó tú bóòtù kankan, ó yẹ kí a wọn ìfúnpá inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sìlíńdà tó bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ ń sọ ibi tí àìsàn wà. Lẹ́yìn èyí ni a ó yọ ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú ṣéènì tí a so mọ́ ohun tó lágbára. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ara sábẹ́ ẹ́ńjìnnì tí a gbé kọ́. A ó máa ya fọ́tò bí a ti ń tú u, a ó sì máa kó bóòtù apá kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tí a kọ nǹkan sí lára. Ìdérí bẹ́rìn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí a ti yọ ọ́, ní ojú kan náà tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ gbẹ́ òun àti ibùjókòó rẹ̀ pọ̀ ni.

Maikirómítà ni a fi ń wọn ojú kránkíṣáàfù ní ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn, kí a lè mọ̀ bóyá ó ṣì rí roboto. A ó yẹ tọ́ọ̀pù sìlíńdà wò bóyá ooru ti tẹ̀ ẹ́. Nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì Porsche 944, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń kọ́kọ́ yẹ bẹ́rìn kọ́ńrọ́ọ̀dù kejì wò, nítorí pé ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Sìlíńdà Alusil

Àṣìṣe tó lè ná ènìyàn ní gbogbo ẹ́ńjìnnì náà wà níbí. Irin dúdú ni ara sìlíńdà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí àwọn oní-léèdì mọ̀; bí ó bá jẹ, wọn a fẹ̀ ẹ́, wọn a fi òkúta họ ọ́, wọn a sì wá písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i. Ara sìlíńdà 944 Turbo jẹ́ Alusil, ìyẹn alumíníọ̀mù tí a po pọ̀ mọ́ sílíkọ́ọ̀nù tó tó ìdá 17 nínú 100. Wóró sílíkọ́ọ̀nù líle tó yọrí díẹ̀ lójú ìrin náà ni písítìn ń rìn lé, a sì fi irin bo ẹ̀gbẹ́ písítìn náà kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí oní-léèdì bá họ sìlíńdà yìí bíi ti irin dúdú, wóró náà yóò ya dànù, alumíníọ̀mù rírọ̀ ni yóò sì kù. Písítìn yóò há láìpẹ́.

Ojúṣe ẹni tó ni ọkọ̀ ni láti sọ èyí fún oníṣẹ́ kí ó tó gbé ẹ́ńjìnnì náà sórí ẹ̀rọ. Bí sìlíńdà bá dán, tí kò sì ní ojú àpá, fífọ̀ ọ́ mọ́ ti tó. Bí ó bá ti ní àpá jíjìn, ọ̀nà méjì ló wà: kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ohun èlò Alusil, tàbí kí a fi sílíìfù irin sínú rẹ̀ pẹ̀lú písítìn tó bá sílíìfù náà mu.

Títò padà

Orúkọ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀ ń rántí erùpẹ̀ pupa, erùpẹ̀ yìí sì ni ọ̀tá iṣẹ́ títò nínú àgbàlá. Wóró iyanrìn kan ṣoṣo lè ya ojú bẹ́rìn tuntun. A ó fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ihò ọ́ìlì, a ó gbẹ ẹ́, a ó sì fi ọ̀rá bo ohun tí a kò bá ní fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ títò kò yẹ nígbà tí ọyẹ́ bá ń gbé eruku káàkiri.

Ibi tí ẹnu rínngì písítìn méjèèjì ti ń pàdé gbọ́dọ̀ ní àlàfo. Ti ẹ́ńjìnnì alátọ́bò máa ń fẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ, torí pé rínngì rẹ̀ ń gbóná jù, irin gbígbóná a sì máa gùn sí i. Bí ẹnu méjèèjì bá kan ara wọn, rínngì yóò fún mọ́ sìlíńdà, yóò sì fọ́ písítìn. A ó fi ọ́ìlì pa ojú bẹ́rìn gbogbo, a ó sì fi sípánà oníwọ̀n di bóòtù ní ìpele-ìpele gẹ́gẹ́ bí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ti là á sílẹ̀.

Bẹ́líìtì tó ń yí kámùṣáàfù 944 ṣe pàtàkì púpọ̀: bí ó bá já, písítìn yóò lu fáàfù, yóò sì tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tí a bá ti so ó, a ó fi ọwọ́ yí kránkíṣáàfù ní ìlọ́po méjì pérépéré. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, a kò gbọ́dọ̀ fi agbára tì í. Kí a tó jẹ́ kí ó ṣáná fún ìgbà àkọ́kọ́, a ó fi sítátà yí i láìsí iná púlọ́ọ̀gì títí géèjì yóò fi fi hàn pé ọ́ìlì ti dé òkè.

Àfikún agbára

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ geere bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àfikún lè wáyé. Ohun tó rọrùn jù ni láti yí ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá èéfín sílẹ̀ padà kí tọ́bò lè máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, ó sì jẹ́ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì jù bí ó bá ṣáájú àwọn yòókù. Ètò tó dára ni pé:

- kí ìtutù ṣáájú: rédíétọ̀ tó mọ́, fáànù tó lágbára àti ìńtàkúlà tó tóbi tó;
- kí epo tẹ̀lé e: pọ́ǹpù àti nọ́sù tó lè pèsè epo tó pọ̀ tó;
- kí a fi géèjì wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo: ìwọ̀n 14.7 sí 1 ni bẹntiróòlù fi ń jó tán, ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ gidigidi, nǹkan bí 12 sí 1 ni ó léwu díẹ̀ jù;
- kí a mú kí púlọ́ọ̀gì ṣáná pẹ́ díẹ̀ sí i, ní ìbámu pẹ̀lú epo tó wà ládùúgbò;
- kí ìfúnpá tọ́bò gbẹ̀yìn, ní díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa yọ púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bíréèkì àti táyà gbọ́dọ̀ bá agbára tuntun náà mu. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Nínú ooru ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti pẹ̀lú epo tó wà lọ́jà, ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìfúnpá báà 0.75 tí ilé iṣẹ́ fún un, tó sì ní ìńtàkúlà tó dára, yóò pẹ́ láyé ju èyí tí a gbé dé báà 1.0 lọ.

Ìtọ́jú

Ọ́ìlì ni ẹ̀mí tọ́bò. Ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, kí a sì yẹra fún ayédèrú. Bí ọkọ̀ bá ti sá eré gidi, kí awakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa sín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó pa á, kí ọ́ìlì inú tọ́bò má baà jóná di èédú. Porsche fi omi yí tọ́bò 944 ká fún ìdí yìí, pẹ̀lú pọ́ǹpù oníná tó ń ta omi náà ká lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Bí ènìyàn bá gbọ́ ariwo pọ́ǹpù náà nígbà tí ọkọ̀ ti dúró, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìgbà tí kò bá dún mọ́ lẹ́yìn ìrìn gbígbóná ló yẹ kí a wá ohun tó fà á.